Ògiri Tí Fọláhàn Mọ Sójú Omi

Ẹ̀yin òǹkàwé mi ọ̀wọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kàwé lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á nígbà tí ọbẹ̀ ń hó lórí iná, mo kí gbogbo yín. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó dá òkun tó sì fún un ní ààlà, tó dá èmi náà sí di òní tí mo tún lè jókòó kọ̀wé sí yín. Ìtàn ìfẹ́ ni mo gbé wá, àmọ́ ẹ má retí oyin láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìbínú pọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi pé kí oòrùn má wọ̀ bá ìbínú wa. Ọmọbìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí mọ ẹ̀kọ́ náà lórí dáadáa, síbẹ̀ oòrùn wọ̀ bá ìbínú tirẹ̀ fún odidi ọjọ́ mọ́kàndínlógójì. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Fìyìnfólúwa Ògúntádé lorúkọ rẹ̀. Abúlé Òkúta ní Bàrígà ni òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé, nínú yàrá méjì nísàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ìyá rẹ̀ ń ránṣọ níwájú ilé. Fìyìn, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ń ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, níbi tí ariwo ẹ̀rọ kì í ti í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Fọláhàn Àkànó ti bá a. Ó wá tẹ kàlẹ́ńdà ẹbí wọn, ẹbí Àkànó tí ilẹ̀ wọn lọ súà dé etí ọ̀sà. Ó ní kí wọ́n fi ọ̀rá bo ojú ìwé kọ̀ọ̀kan kó lè máa dán.

"Ẹgbẹ̀rún kan kàlẹ́ńdà, gbogbo rẹ̀ lọ́ràá?" Fìyìn béèrè, kò tiẹ̀ gbójú sókè níbi tó ti ń to pépà. "Ẹ ò rí gọ́tà iwájú ilé yìí nígbà tẹ́ ẹ ń wọlé?"

"Mo rí i. Mo fò ó."

"Ọ̀rá ló kún inú ẹ̀. Tí ọdún bá parí, ibẹ̀ ni ojú bàbá tẹ́ ẹ tẹ̀ síwájú kàlẹ́ńdà yìí náà máa sùn."

Fọláhàn wo àwòrán bàbá rẹ̀, pẹ̀lú fìlà àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí, oníbàárà lẹ ń lé lọ yìí o. Ṣé ọ̀gá yín mọ̀?"

"Ọ̀gá mi ló ní kí n má purọ́ fún oníbàárà."

Fọláhàn ní kí wọ́n tẹ kàlẹ́ńdà náà láìsí ọ̀rá. Lọ́jọ́ kejì ó padà wá láti béèrè bóyá íńkì ti gbẹ. Lọ́jọ́ kẹta ó tún wá béèrè ohun kan náà.

"Íńkì wo ni kì í gbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta?" Fìyìn bi í.

"Tèmi ni kò tíì gbẹ," ni Fọláhàn dáhùn, ó sì rọra fa àga jókòó. Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọdún kan kọjá. Láàárín ọdún náà, Fọláhàn wá mọ̀ pé ọmọbìnrin tí òun fẹ́ràn yìí ní ìjà kan lọ́rùn. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, òun àti Munirat, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ìwé, a máa kó ọ̀rá àti ike kúrò nínú gọ́tà. Wọ́n á gbé páálí tí wọ́n kọ nǹkan sí dúró lẹ́bàá ọ̀nà ní Fádèyí. Fìyìn á máa ṣàlàyé fún ẹni tó bá dúró gbọ́ pé ojú ọjọ́ ti yí padà, pé òkun ń ga, pé òjò tó yẹ kó pín ara rẹ̀ sí oṣù kan ń rọ̀ tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwọn kan á ní, "Òjò Ọlọ́run ni, ọmọ yìí, kí lo fẹ́ ká ṣe sí i?"

"Òjò ni ti Ọlọ́run," lá máa jẹ́ èsì rẹ̀. "Gọ́tà dídí ni tiwa."

Èmi tí mo nífẹ̀ẹ́ Ọlọ́run ń sọ fún yín pé mo gbè é lẹ́yìn.

Wàyí o, àṣà kan wà nílé Àkànó. Bàbá kì í lọ tọrọ ìyàwó fún ọmọkùnrin tí kò tíì fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ lórí ilẹ̀ ẹbí. Olórí ẹbí á gé ilẹ̀ fún ọmọ, ọmọ á mọ ìpìlẹ̀, ìgbà yẹn ni bàbá á tó dé fìlà lọ bá àna. Bí wọ́n ṣe ṣe é fún baba ńlá nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì fẹ́ kó rí títí ayé.

"Bàbá ti gé tèmi," Fọláhàn sọ fún un lọ́jọ́ kan.

"Níbo?"

"Má tíì béèrè. Mo fẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu ni."

Fìyìn rẹ́rìn-ín, kò sì béèrè mọ́. Ohun tó padà dùn ún jù nìyẹn, pé òun tóun máa ń bi gbogbo ayé ní ìbéèrè kò béèrè èyí.

Oṣù kẹfà ni òun àti Munirat pinnu pé àwọn yóò fẹsẹ̀ rìn láti Bàrígà lọ sí Abẹ́òkúta, kí àwọn máa tẹ̀ lé Odò Ògùn láti abúlé dé abúlé, kí àwọn máa bi àwọn èèyàn ohun tí omi ń fojú wọn rí, kí àwọn sì kó gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà lọ fún àwọn tó wà nípò. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Bàbá Àkànó. Ó rán alárinà. Àlàájà Suliat, àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní Fádèyí, ni alárinà ọ̀hún. Ọwọ́ rẹ̀ ni ìyá Fìyìn ti ń ra òwú láti ọdún gbọ́nhan.

"Ìyá Fìyìn, iṣẹ́ ni wọ́n rán mi o, ẹ má bá mi bínú," Àlàájà bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi ní òun gbọ́ pé ìyàwó ọmọ òun fẹ́ fẹsẹ̀ rìn lọ Abẹ́òkúta. Ó ní ṣé mọ́tò ti tán nílẹ̀ Yorùbá ni."

"Èmi gan-an ti béèrè bẹ́ẹ̀," ìyá Fìyìn wí, ó ti kúrò nídìí máṣíìnì. "Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pọn ọmọ, òun ń gbé páálí kọ́rùn."

"Ó ní kó jókòó sílé. Ó ní ẹni tó ń bá ìjọba jà lónìí, ọkọ ló máa bá jà lọ́la."

Fìyìn já lu ọ̀rọ̀ wọn. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi sọ fún Bàbá pé omi tó wọlé wa lọ́dún tó kọjá kò jókòó. Èmi náà kò ní jókòó."

"Fìyìnfólúwa! Àlàájà lò ń dá lóhùn báyẹn?"

Àmọ́ ẹ̀rín ni Àlàájà ń rín. "Ẹ fi í sílẹ̀. Ilé wa nílò irú ẹnu yìí. Gbogbo wa níbẹ̀ la ti dákẹ́ jù."

Fọláhàn ní tirẹ̀ kò dí i lọ́wọ́. Ó ra ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún un, ó ní, "Máa lọ. Kó o tó dé, èmi náà á ti ṣe tán."

Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n lò. Lọ́jọ́ kẹrin ẹsẹ̀ Fìyìn wú débi pé ó ní láti gé ẹ̀yìn bàtà rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹfà Munirat jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ó sunkún, ó sì tún dìde. Wọ́n rí ẹ̀gẹ́ tó jẹrà sínú ilẹ̀. Wọ́n bá àgbẹ̀ tó gbin àgbàdo lẹ́ẹ̀mejì nítorí òjò kò tètè dé, tí òjò wá dé tán tó gbá ẹ̀ẹ̀kejì lọ. Ní abúlé kan, bàbá apẹja kan ń di àwọ̀n rẹ̀ bó ṣe ń dá wọn lóhùn. Ó ní, "Omi ò burú, ọmọ mi. Ó ń wá ọ̀nà ilé ni. Ẹ wá ẹni tó jókòó sójú ọ̀nà ẹ̀ lọ." Fìyìn kọ ọ́ sílẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, wọ́n fi ọjọ́ méjì dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì kan kí ẹnì kan tó jáde wá gba lẹ́tà náà. Ìṣojú Fìyìn ni ọkùnrin náà ti gbé ife tíì lé e lórí.

Ohun tó kọ́ nípa ìfaradà lójú ọ̀nà yẹn ni pé kò lẹ́wà rárá. Ẹsẹ̀ wíwú ni, àti bàtà tó ń rùn, àti pé ilẹ̀ mọ́, o sì tún wọ bàtà náà.

Ọjọ́ Ẹtì ló délé. Ọjọ́ Ìsinmi, òjò bẹ̀rẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, kò sì dá títí wọ́n fi kọrin kejì tán ní ṣọ́ọ̀ṣì. Fìyìn nìkan ló lọ, nítorí òtútù mú ìyá rẹ̀. Nígbà tí ìsìn parí tó padà dé òpópónà wọn, omi ti dé ìbàdí. Ó wọ́ ẹsẹ̀ tó ṣì ń dùn ún dénú ilé. Ó bá ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, tó dìrọ̀ mọ́ ojú fèrèsé. Máṣíìnì ti rì. Léèsì oníbàárà, èyí tí wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ń léfòó lójú omi bí ewé.

"Kò lọ," ìyá rẹ̀ ń wí ṣáá. "Láyé ọjọ́sí, omi á wọlé, á sì jáde. Ti òní kò lọ."

Òótọ́ ni. Òjò ti dá, omi dúró bíi pé wọ́n pè é síbẹ̀. Fìyìn gbé ìyá rẹ̀ lọ sókè lọ́dọ̀ àwọn ará ilé, ó sì jáde. Ọ̀rọ̀ bàbá apẹja ń dún létí rẹ̀. Ó tẹ̀ lé òpópónà lọ sísàlẹ̀, níbi tí àbàtà wà, níbi tí omi gbogbo Abúlé Òkúta ti máa ń gbà lọ sínú ọ̀sà.

Àbàtà kò sí mọ́. Ògiri búlọ́ọ̀kù tuntun ló wà níbẹ̀, yanrìn ga lẹ́yìn rẹ̀ bí òkè. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ pé: ILẸ̀ ẸBÍ ÀKÀNÓ NI ÈYÍ. KÌ Í ṢE TÍTÀ. Fọláhàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti ká sòkòtò sókè, ó ń wo omi tó wọ́ jọ síwájú ògiri.

"Ta ló mọ èyí?" Fìyìn béèrè.

Fọláhàn ń wo omi.

"Fọláhàn, mo ní ta ló mọ ọ́?"

"Èmi ni. Ilé wa nìyẹn, Fìyìn. Ibi tí Bàbá gé fún mi nìyẹn. Ìgbà tó o rìnrìn àjò ni mo da yanrìn sí i. Mo fẹ́ mú ẹ wá wò ó lónìí, lẹ́yìn ìsìn."

"O mọ̀ pé ojú omi ni."

"Bàbá ní àbàtà lásán ni. Òun nìkan ló kù tí wọn ò tíì pín nínú ilẹ̀ wa. Gbogbo èèyàn ló ń da yanrìn sí…"

"Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi rìn! Mò ń bi àwọn tí mi ò mọ̀ rí pé ta ló dí omi yín lọ́nà. Àṣé ọkọ àfẹ́sọ́nà mi ni."

"Nítorí tìẹ ni mo ṣe…"

"Má fi orúkọ mi sí i! Ṣé o bi ẹnì kan ládùúgbò yìí? Ṣé o bi èmi?"

"Mo fẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu ni."

"Ó yà mí lẹ́nu. Lọ wo ìyá mi bó ṣe dìrọ̀ mọ́ fèrèsé. Ó ya òun náà lẹ́nu."

Ó yí padà, ó sì fi í sílẹ̀ sínú omi.

Láti ọjọ́ yẹn, bí fóònù bá dún, kò ní gbé e. Bí Fọláhàn bá dé ilé ìtẹ̀wé, á gba ẹ̀yìn jáde. Ó ń fi ìbínú gbàdúrà: "Olúwa, mo ní kí O fún mi lọ́kọ, O fún mi ní ẹni tó mọ ògiri." Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, iyè méjì á wọlé. Ṣé kì í ṣe ìfẹ́ ló sún ọkùnrin náà ṣe é? Bí ìfẹ́ bá lè mọ irú ògiri yìí, kí wá ni ìkórìíra ń mọ? Ó ń ṣàárò ẹ̀rín rẹ̀, inú sì ń bí i pé òun ń ṣàárò.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀. Ó ń nu ìpẹtà kúrò lára máṣíìnì. "Èmi ni omi wọlé tọ̀, ìwọ ló ń le bí òkúta. Ṣé o tiẹ̀ ti sọ ohun tó o fẹ́ kó ṣe fún un?"

"Ó yẹ kó mọ̀, Mọ́mì."

"Bàbá ẹ náà, ó yẹ kó mọ ọ̀pọ̀ nǹkan. Ẹnu ni mo fi ń sọ fún un."

Lọ́jọ́ kọkàndínlógójì, Fọláhàn dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn ilé ìtẹ̀wé, kí Fìyìn má baà rí ibi sá gbà. Ó ti rù.

"Mi ò ní pẹ́," ó ní. "Mo ti lọ bi wọ́n. Ilé mọ́kànlélógún ni mo wọ̀ ládùúgbò yín. Mo ní èmi ni mo mọ ògiri yẹn, kí ni omi ṣe fún yín? Ní ilé kejìlá, wọ́n da omi ìfọṣọ lé mi lórí."

Fìyìn fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.

"Mo ti sọ fún Bàbá pé màá wó o. Bàbá ní lọ́jọ́ tí mo bá wó o, kò sí ilé àna kankan tí òun máa dé fìlà lọ. Mi ò wá bẹ̀ ẹ́ pé kó o fẹ́ mi. Mo wá sọ fún ẹ pé àárọ̀ Sátidé ni màá wó o."

"Kí ló dé tó o fi ń sọ fún mi?"

"Kó má baà yà ọ́ lẹ́nu."

Ní Sátidé, òun nìkan ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀ pẹ̀lú òòlù ńlá. Nígbà tí ìró rẹ̀ dé òpópónà, Fìyìn mú ṣọ́bìrì. Àwọn aládùúgbò jáde tẹ̀ lé e, títí kan obìnrin ilé kejìlá. Wọ́n kó búlọ́ọ̀kù, wọ́n gbẹ́ yanrìn. Fọláhàn sún mọ́ Fìyìn, òógùn bò ó.

"Ṣé o ti dárí jì mí?"

"Máa gbẹ́ ilẹ̀."

Kò tíì dọ̀sán tí ọkọ̀ Bàbá Àkànó fi dé. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú aṣọ funfun, ó dúró síbi tí ẹrẹ̀ kò dé. Fìyìn kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó kí i.

"Ìwọ lo kọ́ ọmọ mi kó fọwọ́ ara ẹ̀ wó ilé ara ẹ̀," Bàbá wí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi ká lọ wo yàrá ìyá mi. Àmì ibi tí omi dé ṣì wà lára ògiri."

"Ilé Àkànó ti mọ omi kí wọ́n tó bí ìyá ẹ. Fọláhàn!"

"Sà."

"Títí wàá fi mọ ọ́ padà, kí n má rí ẹ lẹ́nu ọ̀nà mi."

"Mo gbọ́, sà," Fọláhàn dáhùn. Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ lọ tán, ó dìde, ó tún gbé òòlù. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì dẹwọ́. Ìgbà yẹn ni Fìyìn wá rí ohun tí kò rí láti ọjọ́ tó ti mọ̀ ọ́n: ọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú tó sì tún wọ bàtà.

Omi rọ́nà lọ lọ́jọ́ náà.

Oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Àlàájà Suliat wọlé tọ ìyá Fìyìn wá, Fọláhàn tẹ̀ lé e. Kò sí bàbá, kò sí ọkùnrin ẹbí kankan pẹ̀lú wọn. Àlàájà kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì, àgbà obìnrin.

"Ẹ dìde, Àlàájà, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́," ìyá Fìyìn pariwo. "Ta ló rán yín? Ẹ mọ̀ pé wọn kì í tọrọ ọmọ báyìí."

"Ẹnì kankan ò rán mi. Ọmọ Àkànó lèmi náà, orúkọ ilé tí wọ́n bí mi sí ni mo fi wá tọrọ. Mo ní ìpín nínú ilẹ̀ bàbá mi tí mi ò béèrè láti ọjọ́ yìí wá. Mo béèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá, níwájú gbogbo ẹbí. Mo ní ojú omi yẹn ni mo fẹ́. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí ni mo fẹ́ fi irà ṣe. Mo ní mo fẹ́ kó máa ṣàn ni. Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ lórúkọ mi. Ẹ̀gbọ́n mi náà fọwọ́ sí i, ó rò pé orí mi ti dàrú."

Fọláhàn ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti ìgbà tó ti wọlé. Ìyá Fìyìn yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ṣé inú rẹ ṣì ń bí ọ sí i?"

"Ó ṣì ń bí mi, Mọ́mì."

"Ṣé o fẹ́ ẹ?"

Fìyìn wo ẹ̀yìn ọrùn ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ náà, níbi tí oòrùn ti jó o nígbà tó ń gbẹ́ yanrìn. Ó ronú nípa ilé tí kò sí mọ́ àti bàbá tí kò ní wá. Kò purọ́ fún ara rẹ̀ pé yóò rọrùn.

"Mo fẹ́ ẹ. Inú tó ń bí mi yẹn, a jọ máa gbé e ni."

"Màá gbé ibi tó wúwo," Fọláhàn sọ láti ilẹ̀.

"Ta ló ní kó o sọ̀rọ̀?" ìyá Fìyìn jágbe mọ́ ọn. Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí ìró. "Dìde níbẹ̀, kó o lọ gbé àga fún ìyá ọkọ."

Wọ́n ṣègbéyàwó kí ọdún tó parí. Ilé àyágbé ni wọ́n ń gbé ní Ṣómólú, yàrá kan àti pálọ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín: Bàbá Àkànó kò wá, títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò tíì bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Mò ń gbàdúrà fún un.

Ìwọ tó o kà á dé ibí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ohun tó o fi ìfẹ́ kọ́ di ìdènà fún ẹlòmíì. Bí inú bá bí ọ nítorí òtítọ́, kí Ó fún ọ ní ẹsẹ̀ tí yóò rìn ín dópin, kí Ó sì fún ọ ní ẹni tí yóò gbé ṣọ́bìrì kejì. Omi kò ní wọlé tọ̀ ọ́. Ojú ọ̀nà rẹ kò ní dí. Àmín.